Títẹ Ìka fún Ìwé Ọmọ-Ìlú: Ọ̀rọ̀ Ẹgbẹ́ Ni, Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ẹnìkan

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti owó iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ófátáìmù. Ọ̀rọ̀ àwọn ará wa tó ní green card ni, tí wọ́n fẹ́ di ọmọ-ìlú Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú wọn ló ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àṣírí. Wọn a purọ́ fún fọ́ọ̀mánì pé inú ń run wọ́n, kí wọ́n lè ráyè lọ tẹ̀ka. Ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán pàápàá kò ní gbọ́. Èrò tiwa ni pé ohun tí wọ́n ń ṣe yìí léwu. Ọjọ́ tí ènìyàn bá kọ̀wé béèrè láti di ọmọ-ìlú, ọjọ́ náà ló fi àyè sílẹ̀ fún ìjọba láti tú gbogbo ìtàn ayé rẹ̀ wò. Ẹni tó bá dá nìkan lọ síbẹ̀ lè pàdánù ju ìwé tó ń wá lọ.

A kò sọ pé kí ìjọba má ṣe ìwádìí. Kò sí baálé tí kì í bi àlejò pé níbo lo ti wá. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹrù ìwádìí náà kò wúwo bákan náà lórí gbogbo ènìyàn, èjìká òṣìṣẹ́ ló sì ń wọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ń lọ. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ ni N-400. Owó tí ọ́fíìsì ìjọba tó wà fún un, USCIS, fi lé e ní 1 April 2024 jẹ́ $710 fún ẹni tó bá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti $760 fún ẹni tó bá kọ ọ́ sórí ìwé. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kọ̀wé pè é pé kí ó wá ní ọjọ́ báyìí, agogo báyìí. Yóò gbé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lé gíláàsì, wọn yóò ya fọ́tò rẹ̀, yóò sì fọwọ́ síwèé. Àmì ìka náà yóò lọ sọ́dọ̀ FBI, kí wọ́n lè wò ó bóyá ọlọ́pàá ti mú un rí níbikíbi ní Amẹ́ríkà. Wọn yóò yẹ orúkọ rẹ̀ wò pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá lọ lọ́jọ́ náà, tí kò sì tọrọ ọjọ́ mìíràn ṣáájú, wọ́n lè kà á sí pé ó ti jọ̀wọ́ ìwé rẹ̀, owó rẹ̀ a sì bá a lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá kì í wo ṣífìtì ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìka náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti ń gbé búlọ́ọ̀kù fún ogún ọdún, tó ń po sìmẹ́ǹtì, tàbí tó ń fi kẹ́míkà fọ ẹ̀rọ, ìlà ìka rẹ̀ a máa pa rẹ́. Bí ó bá gbé ọwọ́ lé gíláàsì, ẹ̀rọ kò ní rí nǹkan tó dájú kà. Bí FBI bá dá àmì ìka náà padà lẹ́ẹ̀mejì pé kò ṣeé kà, USCIS yóò ní kí ó lọ gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá gbogbo ibi tó ti gbé láàárín àwọn ọdún tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Ọdún 5 ni fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tó ti bá iṣẹ́ kiri láti ìlú dé ìlú ni yóò wá sáré jù. Ẹ gbọ́ ná, iṣẹ́ tó ṣe fún ìlú yìí ló pa ìlà ìka rẹ̀ rẹ́, òun náà ni wọ́n tún ní kó lọ wá ẹ̀rí wá.

Ọ̀rọ̀ orúkọ kò gbẹ́yìn. Láàárín àwa Yorùbá, ẹni tó ń jẹ́ Ògúndélé lánàá lè ti di Olúdélé lónìí. Obìnrin a jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ níwèé kan, a jẹ́ ti ọkọ rẹ̀ níwèé kejì. Fọ́ọ̀mù náà béèrè gbogbo orúkọ tí ènìyàn ti ń jẹ́ rí, títí kan ìnagijẹ. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Orúkọ tí a fi pa mọ́, tí wọ́n wá fúnra wọn rí, ni wọn yóò pè ní ẹ̀tàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná jù lọ ni ẹjọ́ àtijọ́. Fọ́ọ̀mù náà kò béèrè ẹ̀wọ̀n nìkan. Ó béèrè bóyá wọ́n ti mú ọ rí, ìbáà jẹ́ pé kóòtù tú ọ sílẹ̀, tàbí pé wọ́n ti pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ rẹ́. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1996 tún mú un le sí i. Olè jíjà tàbí ìjà tí adájọ́ fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan lé lórí, kódà bí ó bá dá ẹ̀wọ̀n náà dúró tí ẹni náà kò sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, lè mú kí wọ́n lé onígreen card kúrò nílùú.

José Padilla, dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n bí ní Honduras, mọ èyí dájú. Ó ti gbé Amẹ́ríkà ju 40 ọdún lọ, ó sì ṣe ọmọ ogun wọn nígbà ogun Vietnam. Nígbà tí wọ́n mú un ní Kentucky nítorí igbó tó wà nínú ọkọ̀, lọ́yà rẹ̀ ní kó má dààmú nípa lílé, nítorí ó ti pẹ́ nílùú. Ó gbà pé òun jẹ̀bi, ewu lílé sì dé. Ní 31 March 2010 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá a pé dandan ni kí lọ́yà sọ ewu yìí fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ-ìlú kó tó gbà pé òun jẹ̀bi. Ẹ̀yin dírẹ́bà wa, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ohun mìíràn tún wà tó kàn yín. Láti ìgbà òfin 1993 ni àwọn ọ́fíìsì tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti ń bi ènìyàn pé ṣé ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ọmọ-ìlú nìkan ló lè dìbò fún ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó bá ti fi ìkánjú fọwọ́ sí i, kó tọ lọ́yà lọ kó tó fọwọ́ kan N-400.

Wàyí o, ìwádìí náà ti fẹ́ wọ ilé iṣẹ́ wa. Ó pẹ́ tí òfin ti gbà pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba lè lọ béèrè ìwà ènìyàn ládùúgbò rẹ̀ àti níbi iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti 1991 ni wọ́n ti fi í sílẹ̀. Ní August 2025, USCIS kéde pé àwọn yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè wa ni pé ta ni yóò jẹ́rìí ìwà òṣìṣẹ́? Ṣé fọ́ọ̀mánì tó bá a jà lórí ófátáìmù ni? Bí òṣìṣẹ́ bá ń bẹ̀rù pé ẹnu ọ̀gá lè ba ìwé òun jẹ́, ṣé yóò lè fẹ̀sùn kan ọ̀gá náà, tàbí kó bá wa dá iṣẹ́ sílẹ̀?

Èyí kì í ṣe àlá. Harry Bridges, ọmọ Ọsirélíà tó dé Amẹ́ríkà ní 1920, ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté tó darí ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti 1934. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba fi ń wá ọ̀nà láti lé e. Ó di ọmọ-ìlú ní 1945. Ní 1949 wọ́n tún gbé e lọ sí kóòtù pé ó purọ́ lọ́jọ́ tó gba ìwé náà, pé Kọ́múníìsì ni. Wọ́n dá a lẹ́bi ní 1950, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì fagi lé e ní 1953. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi í sílẹ̀. Òun ló ṣì jẹ́ olórí wọn títí di 1977.

Nítorí náà, ohun tí a ń fẹ́ kí ẹ̀ka wa ṣe nìyí. Èkíní, nígbà tí a bá tún jókòó ti ìwé àdéhùn, kí a béèrè ìsinmi pẹ̀lú owó fún ọjọ́ ìtẹ̀ka, ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti ọjọ́ ìbúra. Àwọn ẹgbẹ́ kan ti gba irú rẹ̀. Èkejì, kí ìwé tí ilé iṣẹ́ bá kọ nípa òṣìṣẹ́ wá láti inú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe láti inú ìbínú fọ́ọ̀mánì. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀ka máa pe lọ́yà wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹni tó fẹ́ kọ̀wé lè rí i láìsan owó.

Ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ tiyín. Ẹ lè san $18 fún FBI kí ẹ fi gba àkọsílẹ̀ tiyín kí ìjọba tó gbé e síwájú yín. Ẹ gba ìwé ìdájọ́ gbogbo ẹjọ́ àtijọ́ ní kóòtù. Ẹ má purọ́, nítorí bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Òfin sì ń yí padà: ní December 2025 ni ìjọba fi orúkọ Nàìjíríà àti Benin mọ́ àwọn tí wọ́n fi òté lé wíwọlé wọn. Ẹ bi lọ́yà bí nǹkan ti rí lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi ìwé ránṣẹ́ gan-an.

Ẹni tí wọ́n bá pè fún ìtẹ̀ka, kó sọ fún aṣojú wa níbi iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.