Ọ̀RỌ̀ ILÉ: Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Bá Ní A Kò Láṣẹ

Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń pa ohun iyebíye mọ́ sínú kọ̀ǹpútà: àwòrán àwọn òbí tí ó ti lọ, ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ. Nítorí náà ìpayà kì í ṣe kékeré bí ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé kan bá fẹ́ ṣí i, tí ẹ̀rọ sì dá a lóhùn pé kò ní àṣẹ. Ẹlòmíràn a di ẹ̀bi ru ọmọ ilé. Ẹlòmíràn a ní olè ti wọlé. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ ọwọ́ onílé fúnra rẹ̀ ni.

Ẹ kíyèsí i pé àṣẹ kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí a kọ sínú fáìlì. Òde rẹ̀ ni ó wà, bí orúkọ tí a kọ sí ara àpótí. Bí a bá da ẹrù sínú àpótí mìíràn, orúkọ náà lè má tẹ̀lé e. Nínú àwọn ètò tí ó tọ ipasẹ̀ Unix, tí a bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969, bí Linux àti ti Mac, 4 ni àṣẹ kíkà, 2 ni ti kíkọ, 1 sì ni ti mímú fáìlì ṣiṣẹ́. Fáìlì tí ó ní 644, olóhun lè kà á kí ó sì kọ sí i. Ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn yòókù lè kà á nìkan.

Ohun mẹ́rin ni ó sábà ń yí àṣẹ padà. Èkíní, nínú Windows, àdàkọ tí a ṣe sínú fódà mìíràn a máa gba àṣẹ fódà náà. Èkejì, fláàṣì tí a fi ìlànà FAT32 tàbí exFAT ṣètò kò ní ààyè láti kọ orúkọ olóhun sí; ohun tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá ti sọ àṣẹ àtijọ́ nù. Ẹ̀kẹta, ohun tí a bá ṣe nígbà tí a fi agbára alábòójútó ṣiṣẹ́ a di ti alábòójútó. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀rọ kò fi orúkọ mọ ènìyàn bí kò ṣe nọ́ḿbà. Bí a bá tún Windows tò láti ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ wa lè jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n nọ́ḿbà wa ti di tuntun; àlejò ni a jẹ́ sí fáìlì wa àtijọ́.

Ẹni tí kò mọ ibi tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, kò lè mọ ibi tí ó ti dá. Kí a bèèrè: níbo ni fáìlì yìí gbà wá, ta ni ó sì ṣe é? Lẹ́yìn náà kí a dá fáìlì náà nìkan padà fún olóhun rẹ̀. Ìmọ̀ràn kan wọ́pọ̀ tí a kò gbọdọ̀ gbà: pé kí a fi 777 sí ohun gbogbo. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá dé ìdí ẹ̀rọ náà lè kà á, kí ó sì yí i padà. Bí a bá sì ṣe é fún gbogbo díìsìkì, ẹ̀rọ lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù kì í torí èyí yọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ dànù.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó bá ọmọ wí, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí fáìlì náà gbà wọlé.