Ìjàpá Tí Kò Tẹ́ Lájò

Nínú àlọ́, wọ́n bi Ìjàpá pé ìgbà wo ni yóò ti àjò dé, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Ṣùgbọ́n ìjàpá kan rìn káyé, kò tẹ́. Òun ni Volkswagen, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí bùútù rẹ̀ wà níwájú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Morris Minor, ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọdún 1948 ni Morris Minor jáde. Alec Issigonis ló ya àwòrán rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó rí i pé ọkọ̀ náà tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ó ní kí wọ́n là á sí méjì lóòró, ó sì fi ínǹṣì 4 kún ìbú rẹ̀. Síbẹ̀, Lord Nuffield, olùdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ náà, kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ó jọ ẹyin tí wọ́n fọ́ sínú omi gbígbóná.

Ferdinand Porsche ló ṣe Volkswagen ní Jámánì láyé Hitler. Àwọn mẹ̀kúnnù dáwó fún un, ogun kò jẹ́ kí wọ́n rí i gbà. Ní 1945, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Wolfsburg bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Ivan Hirst sì jí iṣẹ́ náà dìde. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àgbà oníṣẹ́ mọ́tò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ ọkọ̀ náà wò, wọ́n ní kò já mọ́ nǹkan.

Ká sòótọ́, bó bá di ti kọ́nà, Morris Minor ló mọ̀ ọ́n wọ̀. Ìdí Ìjàpá wúwo, a sì máa fì bí awakọ̀ bá sáré jù. Ṣùgbọ́n omi ló ń tu ẹ́ńjìnnì Morris Minor, bí rédíétọ̀ bá gbẹ, wàhálà dé. Atẹ́gùn ló ń tu ti Ìjàpá: kò sí omi tí yóò hó lóòrùn, kò sí èyí tí yóò dì nínú òtútù.

Heinrich Nordhoff, tó gba àkóso Wolfsburg ní 1948, kò sáré yí ìrísí rẹ̀ padà. Àléébù inú rẹ̀ ló ń tún ṣe lọ́dọọdún. Morris Minor pé mílíọ̀nù kan ní ìparí 1960, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀. Ó kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1971. Ìjàpá ti pé mílíọ̀nù kan láti 1955. Ní 1972, ó kọjá iye Ford Model T. Nígbà tí wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn ní Mẹ́síkò ní 2003, ó ti lé ní mílíọ̀nù 21.

Ìlú kan náà ni àwọn tó fojú di ọkọ̀ méjèèjì ti wá: wọ́n fojú di ọmọ tilé, wọ́n fojú di àlejò. Ìwà lẹwà, àwọn àgbà ti wí i. Ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò, kó bi í léèrè ìwà rẹ̀ lójú ọ̀nà kó tó bú ojú rẹ̀.