Ẹ Jẹ́ Kí Bàbá Náà Gbé Ọmọ Sáyà

Àwọn àgbà ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá bímọ ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìdó, ìyá àgbà ni yóò wẹ ọmọ, àwọn obìnrin ilé ni yóò sì máa gbé e. Owó ni bàbá yóò wá, a kò sì ní í gbọ́ ohùn rẹ̀ títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. A kò bú àṣà yìí, nítorí abiyamọ nílò ọwọ́ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò lè dúró di ọjọ́ kẹjọ kí bàbá rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Ní 1978, ní ìlú Bogotá ní ilẹ̀ Kòlóńbíà, níbi tí ẹ̀rọ tí ń mú ara ọmọ tuntun gbóná kò ti kárí, ni Dókítà Edgar Rey ti ní kí àwọn ìyá máa gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sáyà, kí ara kan ara. Ní 2021, èsì ìwádìí tí a ṣe ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, tí Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibi tí ó ti wáyé, fi hàn pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kété lẹ́yìn ìbí, láì dúró kí ara ọmọ kọ́kọ́ balẹ̀, ikú àwọn ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n tó láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù.

Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lo wákàtí 8, ó kéré tán, láyà lójúmọ́. Ta ni yóò dá èyí ṣe? Ṣé obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ ni? Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ọmú nìkan ni bàbá kò ní. Àyà tirẹ̀ náà gbóná, kò sì dúró de iná mànàmáná.

Kò ju kí bàbá fọwọ́, kí ó bọ́ ẹ̀wù, kí nọ́ọ̀sì gbé ọmọ tí ó wọ fìlà àti nápí nìkan lé e láyà ní òró, kí ojú ọmọ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí imú rẹ̀ má baà dí, kí a sì fi aṣọ bo àwọn méjèèjì. Níbẹ̀ ni bàbá yóò ti máa ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì, tí ọmọ yóò sì mọ ohùn rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní aya ti fi oògùn mú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Àwa kò mọ èèwọ̀ Èkìtì kan tí ó ní kí bàbá má gbé ọmọ rẹ̀ sáyà. Ẹ̀yin ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó, ẹ fún un láyè. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, láti ilé-ìwòsàn ńlá Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó títí dé àwọn ilé ìlera kéékèèké, ẹ má fi bàbá sẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú rìsíìtì lọ́wọ́. Ẹ fún un ní àga. Ọmọ tí ó bá yè ni à ń sọ lórúkọ.