Èéfín Inú Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́

Ẹ̀yin olóyè àti ọ̀mọ̀wé ìlú, àlùfáà ni mí, n kò pe ẹnikẹ́ni sí ìmutípara. Èéfín inú ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, tí àwọn kan ń pè ní ìdọ̀tí, ni mo fẹ́ gbèjà.

Ní Ìkòyí-Ilé àti agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, lókè ààrò ni àwọn ìyá wa ti ń so àgbàdo rọ̀ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ pọntí yóò rẹ ọkà sínú omi, yóò fi ewé bò ó títí yóò fi hù. Yóò sá a gbẹ, yóò lọ̀ ọ́, yóò sè é pẹ́ lórí iná igi, yóò sẹ́ ẹ, yóò sì fi í sílẹ̀ kí ó kan. Ibo ni èéfín kò ti ní bá a?

Ní Bamberg, ní Jámánì, iná igi ni wọ́n fi ń yan ọkà báálì tí ó ti hù, títí di òní. Àwọn ènìyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá mu ọtí náà, nítorí èéfín yẹn gan-an!

Láti ìgbà tí ìgò Star àkọ́kọ́ ti jáde ní Èkó ní 1949, báálì òkèèrè ni ó gbayì. Ní 1988 ìjọba fòfin dè é, àwọn ilé iṣẹ́ ọtí ńláńlá sì sáré padà sídìí ọkà bàbà àti àgbàdo.

Àwọn tí ó mọ igi tí èéfín rẹ̀ kò korò ti di arúgbó. Orí wọn nìkan ni ìwé wọn. Ẹ̀yin baálẹ̀ àti olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ̀nà wọn sílẹ̀, orúkọ igi, iye ọjọ́ àti òṣùwọ̀n omi, kí ọdún yìí tó parí.