Wọ́n Mọ̀, Wọ́n sì Jókòó

Olùjẹ́jọ́ mẹ́ta ni mo pè. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà àti ilé-iṣẹ́ ètò ìlera rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Ìkejì ni àwọn tó ń ṣàkóso Abuja, olú-ìlú, ìyẹn FCTA. Ìkẹta ni ìjọba ìbílẹ̀ Bwari, tí àdúgbò Dutse Alhaji wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín, ẹ̀yin tí ẹ ó dá ẹjọ́ yìí, ni pé àìmọ̀ kọ́ ló ṣe wọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ lè rí àánú gbà. Àwọn yìí mọ̀ pé nọ́ọ̀sì tí a kọ́ dáadáa, tó jókòó sí ilé ìwòsàn àdúgbò pẹ̀lú ìwé ìlànà lọ́wọ́ àti oògùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lè tọ́jú ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti onítọ̀ ṣúgà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó sì jẹ́ pé ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá le nìkan ni yóò fi wọ́n ránṣẹ́ sí dókítà. Wọ́n rí i tó ṣiṣẹ́. Wọ́n sì jókòó.

Ẹ̀sùn kìíní ni pé wọ́n di etí sí ìkìlọ̀. Ní 1997, ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládiípọ̀ Olújìmí Akíńkùgbé ṣáájú gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí àwọn àrùn tí kì í ràn ní Nàìjíríà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà sì wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún lè sọ lẹ́yìn ọdún náà pé àrùn olówó tàbí àrùn òyìnbó ni. Ní April 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pé jọ sí Abuja gan-an, wọ́n sì ṣèlérí pé nínú náírà 100 tí ìjọba bá fẹ́ ná, 15 yóò lọ sí ètò ìlera. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò kò tíì dé ibẹ̀ lọ́dún kan rí. Ẹ wo ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Ní 2021, Davies Adeloye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ jọ: nínú 100 àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Nàìjíríà, 29 péré ló mọ̀ pé àwọn ní i, 12 ló ń gba ìtọ́jú, àwọn tí ìfúnpá wọn sì wálẹ̀ dé ibi tó yẹ kò pé 3. Ìlú àwọn olùjẹ́jọ́ ni wọ́n ti ṣe ìlérí náà, àwọn náà ló sì dà á.

Ẹ̀sùn kejì: wọ́n ya aláìsàn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 2014, Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ lórí Ètò Ìlera fọwọ́ sí ìlànà kan tó gbà kí nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ máa ṣe nínú iṣẹ́ tí wọ́n ti fi sílẹ̀ fún dókítà nìkan tẹ́lẹ̀. Níbi àrùn HIV, wọ́n lò ó. Nọ́ọ̀sì ń fún aláìsàn ní oògùn, ó ń wo káàdì rẹ̀, ó mọ ọjọ́ tó yẹ kó padà wá, oògùn náà sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin kan náà tó ń gba oògùn HIV lọ́fẹ̀ẹ́ lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ti èyí, kó lọ wá kẹ́mísì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé kò sówó. Ní January 2025 tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ dúró, kò pé oṣù méjì tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fi fọwọ́ sí nǹkan bíi bílíọ̀nù náírà 4.8 fún oògùn HIV. Ohun tó dára ni wọ́n ṣe, mi ò bá wọn jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tú àṣírí wọn: owó wà fún àìsàn tí ojú ayé ń wò, èyí tí ojú ayé kò wò, wọ́n fi olúwa rẹ̀ sílẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ẹ̀sùn kẹta ló wúwo jù lójú mi, nítorí inú agbègbè olú-ìlú (FCT) ni ẹ̀rí rẹ̀ wà. Láti 2020 ni ètò ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru kan ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé 60 káàkiri agbègbè olú-ìlú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dike Ojji ti Yunifásítì Abuja àti Mark Huffman láti Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ṣe ń lọ, kí ẹ rí i pé kò sí idán níbẹ̀. Aláìsàn á jókòó, á sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yìn rẹ̀ á fara ti àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á tẹlẹ̀, apá rẹ̀ á wà lórí tábìlì. Wọ́n á wọn ìfúnpá rẹ̀, wọ́n á tún un wọ̀n. Bó bá ti dé 140 lórí 90 tó sì dúró síbẹ̀, òṣìṣẹ́ á ṣí ìwé ìlànà, á wo oògùn tó kàn, ìwọ̀n rẹ̀, àti ọjọ́ tí aláìsàn gbọ́dọ̀ padà. Á kọ ọ́ sínú káàdì. Bí ọjọ́ bá pé tí kò yọjú, wọ́n á wá a lórí fóònù. Owó oògùn tí wọ́n tà ni wọ́n fi ń ra òmíràn, kí kọ́bọ́ọ̀dù má baà ṣófo. Iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì lè ṣe láìlàágùn ni. Kódà òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ, tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tó ti nọ́ọ̀sì, ló ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó rí ìtọ́jú gbà pọ̀ sí i, àwọn tí ìfúnpá wọn wálẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ta ló wá san owó rẹ̀? Owó ìwádìí láti Amẹ́ríkà ni. Àwọn tó ni ilé ìwòsàn, tó ni òṣìṣẹ́, tó ni aláìsàn, dúró de àjèjì kó wá fi hàn wọ́n nínú ilé ara wọn. Nígbà tí wọ́n sì rí i tán, wọn kò tíì sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn títí di òní.

Ẹ̀sùn kẹrin: wọ́n fi ọ̀nà jíjìn àti owó ọkọ̀ ṣe ìyà fún ẹni tó ti ń jìyà. Ní Dutse Alhaji, kẹ́mísì kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé mọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó mọ ọjọ́ aboyún. Ọjọ́ onítọ̀ ṣúgà ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ kí ojú tó mọ̀ nípa àìsàn rẹ̀ wò ó yóò wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Kubwa tàbí Bwari. Bí ọ̀rọ̀ bá le, National Hospital ni, láàárín ìlú, tàbí ilé ìwòsàn yunifásítì ní Gwagwalada, tó wà ní òdìkejì FCT. Oníṣòwò tó bá lọ síbẹ̀ kò ní ta ọjà lọ́jọ́ náà. Yóò jí ní ìdájí, yóò tò fún káàdì, yóò tò fún dókítà, yóò tò fún oògùn, kí ó tó di pé dókítà tí èrò ti bò mọ́lẹ̀ wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lóṣù tó ń bọ̀, kò ní lọ. Èmi kò lè bá a wí. Àwọn tó fi odindi ọjọ́ kan ṣe owó orí oògùn oṣù kan ni mo ń bá wí.

Ẹ̀sùn karùn-ún ni ẹsẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà tó ti pẹ́ lára a máa pa iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀. Èèyàn á tẹ ìṣó mọ́lẹ̀, kò ní mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó yí sálúbàtà ni yóò sọ fún un. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á ní kó bọ́ bàtà. Á wo àárín ìka kọ̀ọ̀kan, á wo gìgísẹ̀ bóyá ó ti là, á fi okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ níbi mélòó kan, á ní kí aláìsàn dijú, kó sọ ìgbà tó bá mọ̀ ọ́n lára. Ibi tí kò bá ti mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni ewu wà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, okùn náà kò sì wọ́n. Níbi tí kò bá sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ pé “Màmá, ẹ bọ́ bàtà”, egbò á kẹ̀ lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀, òórùn ni àwọn ará ilé á fi mọ̀, dókítà oníṣẹ́ abẹ á sì gbé ayùn. Ẹsẹ̀ tí okùn ọ̀rá ì bá gbà là, àwọn olùjẹ́jọ́ fi í sílẹ̀ títí ayùn fi dé orí rẹ̀.

Ẹ̀sùn kẹfà: ohun tí wọ́n fi ojú àwọn nọ́ọ̀sì rí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀kọ́ pàtàkì lè kọ oògùn fún aláìsàn lábẹ́ òfin, nọ́ọ̀sì ìtọ̀ ṣúgà sì jẹ́ ẹni tí dókítà ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà lé ní 10,000 nínú ìwé orúkọ àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀. Kí ni ìjọba wa fi dá wọn dúró? Ní February 2024, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbé òfin jáde pé ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún òkè òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn tó bá gba ìwé àṣẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì jáde sí ìta ní Abuja láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní July 30, 2025, ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ lórí àjẹmọ́nú àti ìlànà iṣẹ́ wọn. Nínú gbogbo rẹ̀, wọn kò rí ẹni tó fún wọn ní yàrá, àṣẹ àti orúkọ oyè tó máa jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kan dúró ní Dutse tayọ̀tayọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n tì. Inú ilé wọn kò tún un ṣe.

Ẹ̀sùn keje kò gùn. Ilé-iṣẹ́ oògùn GSK kéde ní 2023 pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, owó oògùn ikọ́ fée tí à ń fà sí ọ̀fun sì gun òkè kọjá agbára ọ̀pọ̀ òbí. Òfin adójútòfò ìlera 2022 sọ pé dandan ni fún gbogbo ènìyàn. Síbẹ̀, nínú náírà 100 tí à ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà, èyí tó lé ní 70 ń jáde láti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Wọ́n sọ ìdáàbòbò di dandan lórí ìwé, wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ máa mí hèlé-hèlé nítorí owó.

Wọn yóò wíjàre pé orílẹ̀-èdè wa kò tíì tó irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe. Rwanda, tí kì í wa epo rọ̀bì tà, ti fi nọ́ọ̀sì sídìí ìtọ́jú àrùn ọkàn àti ìtọ̀ ṣúgà ní ilé ìwòsàn agbègbè láti nǹkan bíi 2006. Nínú irú iṣẹ́ yẹn ni PEN-Plus, ètò ìtọ́jú irú àwọn àrùn bẹ́ẹ̀, ti jáde, tí àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà fọwọ́ sí ní Lomé, lórílẹ̀-èdè Togo, ní August 2022. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i. Àwíjàre náà ti ṣubú kí wọ́n tó là á lẹ́nu.

Ẹ̀sùn ìkẹyìn. Ní August 2025, ìjọba àpapọ̀ dín owó fífọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ kù láti 50,000 náírà sí 12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan; ti Jabi ní Abuja wà lára wọn. Ẹni tó ń kú lọ yóò dúpẹ́, ó sì yẹ kó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n wà lára rẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà tí kò sẹ́ni tó tọ́jú rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yóò san 36,000 lọ́sẹ̀ kan náà, láìka owó ọkọ̀ láti Dutse dé Jabi, títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ àfi bó bá rí kíndìnrín ẹlòmíràn gbà. Ní gbogbo ọdún tí oògùn olówó pọ́ọ́kú àti ojú nọ́ọ̀sì kan ì bá fi gbà á là, kò sí ìjọba tó bi í léèrè. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ní láti kọ́kọ́ kú kí àwọn olùjẹ́jọ́ tó mọ̀ pé ó wà láàyè.