Ojú Tí Ń Wo Ọmọ, Ojú Tí Ń Wo Ìyá

Àwọn àgbà ní ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo di ìyá ìkókó l'Ékòó ni mo tó fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ kékeré kan níparí rẹ̀: wò. Ẹni tó ń fún aláìsàn lóògùn, tó ń kó ìdọ̀tí rẹ̀, a ní ó ń wò ó. Ẹni tó jókòó ti eré orí ìtàgé, òun náà ń wò ó. Ti àkọ́kọ́ ní ọwọ́ nínú. Ojú lásán ni ti èkejì.

Wíwò tó ní ọwọ́ nínú ni òwe yìí ń wí. Nínú agbo ilé, ìyá ọkọ á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ọmọ, á nà án lọ́wọ́ nà án lẹ́sẹ̀. Ìyàwó ilé kan á gbé e pọ̀n, òmíràn á po ẹ̀kọ gbígbóná fún abiyamọ.

Igba ojú náà ò tíì kú. Inú fóònù ni wọ́n kó lọ. Lórí Instagram, mo ń rí ọmọ oṣù mẹ́ta nínú aṣọ funfun tí èébì ò kàn rí, àti ìyá tí ikùn rẹ̀ ti wọlé. Bí mo bá fi àwòrán tèmi síbẹ̀, wọ́n á ní ọmọ ti rù, wọ́n á ní èmi ti sanra jù. Kò sí ìkankan nínú wọn tó lè bá mi gbé ọmọ fún wákàtí kan.

Bẹ́ẹ̀, ìṣirò ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ ìyá gan-an ò bára mu. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọyàn nìkan ni kí ọmọ mu fún oṣù 6. Ọ̀sẹ̀ 12 ni òfin iṣẹ́ Nàìjíríà là sílẹ̀ fún ìsinmi ìbímọ, 6 ṣáájú, 6 lẹ́yìn. Lọ́dún 2014, Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní oṣù 6 lórí ọmọ méjì àkọ́kọ́. Ilé-iṣẹ́ aládàáni lèmi wà ní tèmi. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jáde kí afárá Third Mainland tó dí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́ ni mo ti ń fún ọyàn sínú ìgò. Bí wàrà bá dín, mo ń sunkún bí ẹni tó jalè. Mo gbà pé èmi ni mi ò kún ojú òṣùwọ̀n.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, màmá tó ń ta ògì lẹ́nu ọ̀nà wa gbọ́ igbe ọmọ, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Mo dúró dí ẹnu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ má bínú mà, ilé ò tíì rójú."

"Ìyàwó, ilé ni mo wá wò ni? Gbé ọmọ wá."

Ìró tí omi ògì ta sí ni wọ́n fi pọ̀n ọ́n. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo pa ẹnu mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ọwọ́ púpọ̀ lára ọmọ rẹ̀ ní láti fara mọ́ ọn pé ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Àṣepé tí mò ń lé ni mo ti fi ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọwọ́ náà láti ọjọ́ yìí, mo sì ti í mọ́ bàbá ọmọ pàápàá, ẹni tó ni méjì nínú ojú mẹ́rin tí òwe kọ́kọ́ kà.

Mo sùn. Nígbà tí mo jí, ọkọ mi ti gba ọmọ lọ́wọ́ màmá, ó ti wẹ̀ ẹ́, ó ti fi páńpáàsì sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ síwájú. N ò tú u.