Ẹ̀jẹ̀ Nínú Imí Òròmọdìẹ



Ní ìgbà òjò, a kì í pẹ́ gbọ́ ẹjọ́ adìẹ tí ó kú nínú ìjọ. Èyí tí ó dùn wá jù ni ti ìyá opó kan. Àgbébọ̀ rẹ̀ méjì pamọ mọ́kàndínlógún, owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó sì ń retí lára wọn. Nígbà tí wọ́n tó bí oṣù kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tòògbé, apá wọn já wálẹ̀, wọn kò jẹun mọ́. Láàrín ọjọ́ márùn-ún, mẹ́rìnlá ti kú. Ìyá náà di ẹ̀bi náà ru ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé agbo ilé, ó ní òun ni ó fi ojú burúkú wo àwọn adìẹ náà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, a gbé àgò kúrò nílẹ̀, a sì rí imí ẹlẹ́jẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù. Kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe é.

Coccidiosis ni àwọn oníṣègùn ẹran ń pe àrùn yìí. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, tí a ń pè ní Eimeria, ni ó ń fà á. Ìfun adìẹ ni ó ń bà jẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi máa jáde. Adìẹ tí ó ní i a máa ya ẹyin kòkòrò náà mọ́ imí. Ẹyin yìí kò lè ṣe ibi kankan ní wákàtí tí ó jáde. Ó di ìgbà tí ó bá rí ọ̀rinrin àti ooru fún bí ọjọ́ kan tàbí méjì kí ó tó gbó. Bí òròmọdìẹ bá wá ṣà á jẹ mọ́ àgbàdo, kòkòrò náà a pọ̀ nínú rẹ̀, nígbà tí ó bá sì tó bí ọjọ́ mẹ́rin sí méje, òun náà a bẹ̀rẹ̀ sí yà á kálẹ̀. Àwọn tí ó jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà ni ó ń pa jù. Àgbà adìẹ lè máa gbé e kiri láìṣàìsàn: adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀.

Ẹ má ṣe pè é ní lúkúlúkú. Lúkúlúkú, tí a kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní Ìbàdàn láàrín 1952 sí 1953, sábà máa ń jà nígbà ọyẹ́, ó ń pa ọmọ ó ń pa àgbà, kò sì ní ìwòsàn. Àjẹsára tí a fún wọn ṣáájú nìkan ni ààbò. Èyí ní oògùn, bí a bá tètè mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ ya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ lọ bá oníṣègùn ẹran, kí ẹ bèèrè amprolium tàbí oògùn súlfà. Inú omi mímu ni a ń pò ó sí, ní ìwọ̀n àti iye ọjọ́ tí a kọ sára rẹ̀. Ẹ po tuntun lójoojúmọ́, kí gbogbo agbo mu ún, kí wọ́n má sì rí omi mìíràn mu. Ẹ má ṣe fún wọn ní fítámì B1 pẹ̀lú amprolium, nítorí jíjọ tí oògùn náà jọ fítámì yìí ni ó fi ń tan kòkòrò jẹ. Fítámì a sọ ọ́ di asán. Ẹ bèèrè pẹ̀lú iye ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó jẹ ẹran tàbí ẹyin wọn.

Ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ ni olórí oògùn. Níwọ̀n bí ẹyin kòkòrò kì í ti í gbó lójú ẹsẹ̀, ẹni tí ó ń gbá imí kúrò ní àràárọ̀ ti já àrùn náà lójú ọ̀nà. Ẹ kó o jìnnà sí ibi tí adìẹ ń tan ilẹ̀. Ẹ dí ibi tí òrùlé ń jò. Ẹ gbé àwo omi lé orí bíríkì, ẹ má ṣe da oúnjẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá tẹ́ ìyẹ̀ pákó láti sọ́mìlì, ẹ kó èyí tí ó bá tutù dànù. Ẹ má ṣe kó òròmọdìẹ pọ̀ mọ́ àwọn àgbà tí kì í ṣe ìyá wọn. Omi Izal kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ẹyin yìí; omi híhó àti oòrùn ni kí ẹ fi bá àwo àti àgò jà.

Ìyá opó náà ṣe bẹ́ẹ̀, mẹ́rin nínú márùn-ún tí ó kù sì yè. Ṣùgbọ́n títí di òní, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ kò tíì dá a lóhùn dáadáa. Àgbébọ̀ yóò tún pamọ. Ṣùgbọ́n ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, kí a tó wo ojú aládùúgbò wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo abẹ́ àgò.